Ìyàwó mi fẹ́ rí erin: ṣé pọ́ìǹtì lè gbé wa kúrò ní Òṣogbo dé ibẹ̀?

Tíṣà_ÒkèFìà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìyàwó mi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń ṣàlàyé òwe "Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin ká sọ pé a rí erin." Ọmọkùnrin kan nawọ́: "Mà, ẹ̀yin fúnra yín ti rí erin rí?" Ìyàwó mi wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní "Bẹ́ẹ̀ ni, nínú tẹlifíṣọ̀n." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ erin ò tán nílé wa mọ́. Ìgbéyàwó wa á pé ọdún mẹ́wàá ní February, ó ní òun ò fẹ́ léèsì, òun ò fẹ́ góòlù, erin lòun fẹ́ rí.

Lálẹ́ àná ni mo ṣí áàpù báǹkì mi, mo rí 18,460 pọ́ìǹtì lábẹ́ ibì kan tí n ò tẹ̀ rí. Mo ń gbọ́ pé àwọn kan ń fi pọ́ìǹtì wọ bàálù, wọ́n sì ń fi sùn ní òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá. Ṣé tèmi yìí lè gbé èèyàn méjì dé ibi tí erin wà? Èésú tí mo máa kó ní January jẹ́ ₦900,000. Ẹ rántí pé olùkọ́ ni wá o.

Jagun_ÌtaOlóòkan:
18,460! Bọ̀dá Tíṣà ti di olówó 😂 Tèmi wọ 11,000 lọ́dún tó kọjá, mo fi gba káàdì ìpè. Mo ti ń múra àtipe Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Káàdì tán kí n tó kí ìyá mi tán ní Ìkìrun.

ÌyáÌbejì_Bàtà:
Jagun, má fi Bọ̀dá Tíṣà ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó béèrè ọ̀nà ni.

Bọ̀dá, nǹkan méjì lẹ pò pọ̀. Pọ́ìǹtì báǹkì yàtọ̀, máìlì ọkọ̀ òfuurufú, ìyẹn pọ́ìǹtì tí wọ́n ń fún ẹni tó bá bá wọn fò, yàtọ̀. Ẹ padà sínú áàpù yẹn, ẹ wo iye tí wọ́n ń ṣírò pọ́ìǹtì kọ̀ọ̀kan sí. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá ni tèmi. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tiyín, ₦1,846 lẹ ní. Ẹ ò tíì kúrò ní oríta Ọláìyá nínú Òṣogbo níbí.

Èmi, bàtà ni mò ń tà, Guangzhou ní China ni mo ti ń kó o. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mò ń lọ lọ́dún, Ethiopian ni mo sábà máa ń wọ̀, a ó sọ̀ ní Addis Ababa, a ó tún wọ òmíràn. Ètò máìlì tiwọn ń jẹ́ ShebaMiles. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ mọ̀ pé ìrìn àjò mẹ́rin ni mo ti rìn kí n tó mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà? Mẹ́rin! Lọ àti bọ̀! Ọmọbìnrin kan tó jókòó tì mí ló ń ka máìlì rẹ̀ lórí fóònù bí ẹni ń ka owó ọjà. Mo béèrè, ó là mí lóye. Látìgbà yẹn, ìwé pélébé tí wọ́n fi ń wọ bàálù, n kì í jù ú nù mọ́. Inú agolo Milo kan ni mò ń kó wọn sí lókè fìríìjì, torí tí máìlì ò bá wọlé, ìwé yẹn ni ẹ̀rí yín.

Ohun tó tún jẹ mí níyà: ọkọ̀ òfuurufú mìíràn kan, n ò ní dárúkọ wọn, orúkọ ọkọ mi ni mo fi ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ wọn, orúkọ bàbá mi ló sì wà lórí páásípọ́ọ̀tù mi. Gbogbo máìlì tó yẹ kó wọlé kò wọlé. Mo kọ̀wé títí, wọ́n ní ẹni méjì ni wá. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ gbọ́ o. Orúkọ tó wà lórí páásípọ́ọ̀tù ni kẹ́ ẹ lò, ìyáálé ilé ò sí níbẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ni máìlì ShebaMiles fi ń gbé kó tó bàjẹ́. Emirates náà, ọdún mẹ́ta. Nítorí náà ẹni tó ń wọ bàálù lẹ́ẹ̀kan lọ́dún márùn-ún, kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi máìlì tàn án. Iyọ̀ inú òjò ni.

Nígbà tí máìlì bá wá pé, ìṣirò kan wà tí mo máa ń ṣe lẹ́yìn páálí bàtà. Ẹ jẹ́ ká ní tíkẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ ₦900,000. Wọ́n ní kí n mú 25,000 máìlì wá, kí n sì san ₦250,000 owó orí, nítorí owó orí ò gbọ́ ọ̀rọ̀ máìlì. Ó túmọ̀ sí pé 25,000 máìlì bá mi san ₦650,000: ₦26 lórí máìlì kan. Ó dára, mo gbà. Ṣùgbọ́n tí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ ₦400,000, tí wọ́n ní kí n mú 20,000 máìlì àti ₦220,000 owó orí wá, ₦9 péré ni máìlì kan já sí. Ìyẹn ò pé mi. N óò san owó, n óò fi máìlì mi pamọ́ de ọjọ́ tí tíkẹ́ẹ̀tì bá fò sókè.

Tíṣà_ÒkèFìà:
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti wò ó. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá ni lóòótọ́. Mo ti ti áàpù pa.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Ṣé ó wá túmọ̀ sí pé ẹni tí ò bá máa ń fò tẹ́lẹ̀ ò lè fi pọ́ìǹtì fò?

Òròkí_Houston:
Ẹ kú ilé o. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ó kù díẹ̀ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwa tí a wà ní Amẹ́ríkà níbí là ń rí pọ́ìǹtì láìfò, torí káàdì gbèsè, èyí tí báǹkì fi ń yáni lówó ná. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí, kẹ́ ẹ má baà rò pé à ń ká a lórí igi.

Báǹkì níbí á ní kí n gba káàdì wọn, tí mo bá ti ná irú $4,000 láàárín oṣù mẹ́ta, wọn á fún mi ní irú 60,000 pọ́ìǹtì lẹ́ẹ̀kan náà. Owó tí n bá kúkú ná ni: rẹ́ǹtì, oúnjẹ, epo mọ́tò. Káàdì Chase ni mo ní, ó ń jẹ́ kí n gbé pọ́ìǹtì lọ sọ́dọ̀ United, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan níbí, ọ̀kan sí ọ̀kan. Láti 2019 ni United ti ní máìlì àwọn ò ní bàjẹ́ mọ́. United àti Ethiopian sì jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, Star Alliance, nítorí náà máìlì United lè ra ìjókòó nínú bàálù Ethiopian, n sì lè rà á fún ẹlòmíràn.

Bí mo ṣe gbé màmá mi dé Nairobi ní Kenya nìyẹn. Obìnrin tí kò kọjá Ìlọrin rí! Láti Èkó, wọ́n sọ̀ ní Addis, wọ́n dé Nairobi. Èmi gba Houston wá pàdé wọn. Kenya ti pa físà rẹ́ láti January 2024, orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti gba ìyọ̀ǹda fún màmá nígbà náà kí wọ́n tó gbéra. Màmá mú káàdì yẹ́lò wọn (ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú) dání, wọ́n sì mú èlùbọ́ dání, a ò lè sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn.

Ọgbà ẹranko Nairobi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú gan-an, láti 1946 ló ti wà. Ẹ ó máa wo àgùfọn tó ń já ewé jẹ, ilé alájà gogoro á sì wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Màmá wò ó títí, wọ́n ní "Ọlọ́run, kí ni ìwọ ń fi ọrùn yìí wá?" Kìnnìún wà níbẹ̀, ẹfọ̀n wà, àgbáǹréré wà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ èyí dáadáa nítorí ìyàwó yín: erin ò sí nínú ọgbà Nairobi. Mo ti rí ẹni tó sanwó wọlé tán kó tó mọ̀. Àwọn ọmọ erin tí ìyá wọn kú ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ní ilé ìtọ́jú Sheldrick, wákàtí kan péré ni wọ́n ń gba àlejò lójúmọ́, aago mọ́kànlá sí méjìlá ọ̀sán, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti gba àyè sílẹ̀. Erin ńlá inú pápá, Amboseli tàbí Maasai Mara lẹ máa lọ, ibẹ̀ sì ni owó ti ń jáde. Máìlì ló gbé màmá mi dé Nairobi. Mọ́tò, owó ẹnu ọ̀nà ọgbà, ibi tí a sùn, gbogbo rẹ̀ jù owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun ṣe sàfárì lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú pọ́ìǹtì, ẹ bi í pé ta ló bu epo sí mọ́tò.

Àlàájì_Èlú:
Ẹ̀yin ọmọ yìí, gbèsè lẹ̀ ń yìn bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n yá mi lówó kí n fi jẹun, kí wọ́n wá fún mi ní ẹ̀bùn torí mo jẹun? Ẹní bá rí ẹ̀bùn lọ́wọ́ olówó èlé, kó ka ìka ọwọ́ rẹ̀ padà.

Òròkí_Houston:
Àlàájì, ẹ kú àárọ̀ sà. Òótọ́ lẹ sọ. Èlé káàdì níbí ń kọjá ogún lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó kó pọ́ìǹtì jọ títí ó fi lọ sí Cape Town, ó ṣì ń san gbèsè tó jẹ ní ọdún yẹn. Gbogbo ìparí oṣù ni mo máa ń san tèmi tán. Oṣù tí n ò bá lè san tán, n kì í fọwọ́ kàn án.

Àlàájì_Èlú:
Ó dáa. Ṣáà máa san án.

Dírẹ́bà_OldGarage:
Tíṣà, kí ló dé tẹ́ ẹ ń wá bàálù kiri? Ẹ lọ sí Ghana! Ọgbà ẹranko kan wà níbẹ̀, Mole ni wọ́n ń pè é. Mo ti gbé àwọn èèyàn dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Páásípọ́ọ̀tù ECOWAS lẹ nílò, kò sí físà, àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni wọ́n fún wa. Káàdì yẹ́lò, ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ níbi tó yẹ o, ẹ má ra káàdì ní ẹnubodè, torí lẹ́nubodè kejì ni wọ́n ti máa bi yín léèrè rẹ̀. Èkó sí Sẹ́mẹ̀, Kútọnù, Lomé, Aflao, Accra. Ẹ sùn ní Accra. Ọjọ́ kejì, bọ́ọ̀sì alẹ́ ń lọ sí Tamale. Láti Tamale dé Mole, wákàtí méjì sí mẹ́ta.

January sí March ni kẹ́ ẹ lọ. Ọ̀gbẹlẹ̀ á ti gbẹ odò inú igbó, gbogbo erin á máa sọ̀ kalẹ̀ wá sí adágún tó wà nísàlẹ̀ òkè tí òtẹ́ẹ̀lì wọn wà. Ẹ ó jókòó lókè, ẹ ó máa wò wọ́n. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sún mọ́ wọn, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn, ẹ̀ṣọ́ tó gbé ìbọn á ṣáájú. Níbi tí mo mọ̀, kò sí ibi tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ fún tálákà láti rí erin. Bàtà tó bo gbogbo ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ fi sálúbàtà wọgbó. Mọ́sáláṣí alámọ̀ ti Larabanga wà nítòsí ẹnu ọ̀nà, ẹ yà wò ó, àtijọ́ ni.

Ẹni tó bá fẹ́ sọ Yankari, ọgbà ẹranko ti Bauchi, mo mọ Yankari. Ibẹ̀ dára. Omi Wikki yẹn ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ tọ̀sán tòru, irú 31 lórí òṣùwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì, omi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi dígí, erin náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Òṣogbo dé Bauchi láyé ìsinsìnyí, n ò ní gbé ìyàwó oníyàwó gbà á. Èrò ọkàn tèmi nìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́_ỌmọỌ̀ṣun:
Ẹ ò ní bínú, mo máa ń rẹ́rìn-ín tí ẹ̀yin ará Òṣogbo bá ń wá ibi tí ẹ ó ti rí ẹranko, ẹni méjì nínú mẹ́ta yín ò tíì wọ Igbó Ọ̀ṣun yàtọ̀ sí ọjọ́ ọdún nínú August. Hẹ́kítà 75 ni igbó yẹn, UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005, àwọn òyìnbó ń wọ bàálù wá wò ó. Ẹ wá ní ọjọ́ Tuesday lásán, ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Kò sí ariwo, ẹ ó máa gbọ́ odò. Àwọn ère tí Àdùnní Olórìṣà (Susanne Wenger) àtàwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú wa mọ á máa wò yín láàárín igi. Ọ̀bọ á sì gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ó gba gúgúrú lọ́wọ́ ọmọ mi, ó tún padà wá gba ẹ̀pà.

Mo mọ̀ pé erin ni màdáàmù fẹ́. Mo kàn ní kí n sọ ọ́.

Tíṣà_ÒkèFìà:
Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ ti mú mi. Ọdún tí mo wọ ibẹ̀ kẹ́yìn, n ò tíì gbéyàwó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí mo kọ̀wé síbí. Ó ní òun ń ra pọ́ìǹtì báǹkì, pé kí n tẹ líǹkì kan, kí n sì fi nọ́ńbà mẹ́fà tó bá wọ fóònù mi ránṣẹ́ sí òun, òun á yí i padà sí tíkẹ́ẹ̀tì Kenya fún èèyàn méjì. Ṣé ẹ mọ irú ẹ̀?

ÌyáÌbejì_Bàtà:
Olè ni! Bọ̀dá, ẹ má fi nọ́ńbà kankan ránṣẹ́! Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ àkáǹtì yín. ₦1,846 ló ń wò bẹ́ẹ̀ ni? Èésú yín ló ń wò.

Jagun_ÌtaOlóòkan:
Ẹ fi nọ́ńbà Àlàájì Èlú ránṣẹ́ sí i, kó lọ gbọ́ wáàsí 😂

Kọ́lá_Unìọ́sùn:
Ẹ kú ìjíròrò. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tèmi kéré: òpin ọ̀sẹ̀ lásán ńkọ́? Ilé iṣẹ́ ń rán mi lọ sí Èkó lóòrèkóòrè, òtẹ́ẹ̀lì ibis ní Ìkẹjà ni wọ́n ń gbé mi sí. Àwọn ló ń sanwó, èmi ló ń sùn. Ta ló ni pọ́ìǹtì?

Òròkí_Houston:
Ìwọ tó sùn lo ni í, àbúrò. Accor, ilé iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan, ló ni ibis: nínú ètò wọn, 2,000 pọ́ìǹtì ń bá ọ yọ €40 kúrò nínú owó yàrá. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì Protea tó wà ní Nàìjíríà, orúkọ Marriott ni wọ́n ń jẹ́: tí o bá fi pọ́ìǹtì gba alẹ́ márùn-ún léra, pọ́ìǹtì alẹ́ mẹ́rin ni wọ́n máa gbà. Tí oṣù mẹ́rìnlélógún bá kọjá láìsí ohun tó wọlé tàbí tó jáde, ti Marriott á kú. Forúkọ sílẹ̀ kó o tó tún lọ, kó o sì fi nọ́ńbà rẹ hàn wọ́n nígbà tí o bá ń wọlé. Wọn kì í béèrè.

ÌyáÌbejì_Bàtà:
Ṣùgbọ́n Kọ́lá, má lọ ná irú pọ́ìǹtì bẹ́ẹ̀ lórí òpin ọ̀sẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Erin-Ìjẹ̀ṣà rèé, gba Iléṣà lọ, o ó dé ibẹ̀ kí oúnjẹ àárọ̀ tó dà nínú rẹ. Ìpele méje ni omi yẹn. Òkè kejì ni gbogbo èèyàn ti ń ya fọ́tò tí wọ́n á ní àwọn ti gùn ún tán. Tàbí kó o lọ sí Ìkọ̀gòsì, kí o ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ omi gbígbóná, kí o ti tòsì bọ tútù. Owó mọ́tò àti owó oúnjẹ nìyẹn. Máa tọ́jú pọ́ìǹtì rẹ de ibi tí yàrá bá wọ́n.

Tíṣà_ÒkèFìà:
*(March)*
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má bínú pé mo pẹ́. A ti lọ, a ti bọ̀.

Mole la lọ, bí Dírẹ́bà ṣe là á sílẹ̀. N ò ní purọ́, ọ̀nà yẹn gùn. Lẹ́nubodè Sẹ́mẹ̀ nìkan, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n yẹ páásípọ́ọ̀tù wa wò. Nínú bọ́ọ̀sì Tamale, wọ́n tan ẹ̀rọ amúlétutù débi pé ìyàwó mi fi ìró wérí. Èésú tán, mo tún yá ₦70,000 lọ́wọ́ àbúrò mi. Ẹ fi sọ́kàn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ.

Pọ́ìǹtì mi náà ṣiṣẹ́ o! Mo yí i padà sí ìwé ìrajà, mo fi ₦900 kún un, búrẹ́dì àti sàdíìnì tí a jẹ kí a tó dé Kútọnù, pọ́ìǹtì ló san án. Jagun, máa rẹ́rìn-ín lọ.

A dé Mole lọ́sàn-án. Nígbà tí a jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìmàdò kan ti kúnlẹ̀ lórí eékún iwájú lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, ó ń jẹ koríko, bí ìyàwó tuntun tó ń kí ìyá ọkọ. Aago méje la tẹ̀lé ẹ̀ṣọ́ wọgbó. Ó ń wo ilẹ̀, ó ń wo ìgbẹ́, ó fọwọ́ kan ọ̀kan, ó ní ó ṣì gbóná. Ìyàwó mi di aṣọ mi mú lẹ́yìn. A rìn títí, a ò rí nǹkan kan. Ẹ̀ṣọ́ gbọ́wọ́ sókè, a dúró. Mo ń wo iwájú, mo rò pé òkúta ni, òkúta náà gbọn etí.

Mẹ́rin ni wọ́n. Wọ́n wọ odò, èyí tó tóbi jù fi ọwọ́jà fa omi ẹrẹ̀, ó dà á sẹ́yìn ara rẹ̀. Ohun tí n ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé kò sí ariwo ẹsẹ̀. Ẹranko tó tóbi tó ilé, tó sì rìn kọjá bí ológbò. Mo yọ fóònù kí n ya fídíò, ìyàwó mi tẹ ọwọ́ mi wálẹ̀, ó ní kí n wò ó ná. Ìdí nìyẹn tí fídíò wa fi bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, nígbà tí wọ́n ti ń jáde kúrò nínú omi.

Ó ti fi í han kíláàsì. Ọmọkùnrin yẹn wò ó tán, ó ní "Mà, kìnnìún ńkọ́?"

Ìyá Ìbejì, lálẹ́ àná ló ní kí n ṣí àkáǹtì máìlì fún òun. N ò tíì mọ ọjọ́ tí a máa wọ bàálù, ṣùgbọ́n orúkọ bàbá rẹ̀ ni mo fi ṣí i, bó ṣe wà lórí páásípọ́ọ̀tù gẹ́lẹ́. Ibì kan wà tí wọ́n ti ń béèrè orúkọ àárín, kò ní orúkọ àárín lórí páásípọ́ọ̀tù. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ lófìfo ni?

ÌyáÌbejì_Bàtà:
Ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo, Bọ̀dá. Ẹ kú oríire erin o. Ẹ bá mi kí màdáàmù.